Ẹ Jẹ́ Kí Odi Inú Ìtàn Onídán Yín Ṣiṣẹ́

Ìtàn onídán tó bá dá lórí ààbò àti òmìnira, ìdí odi ló ti máa ń yẹ, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń bàjẹ́. Ọba kan mọ odi yí ìlú rẹ̀ ká, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Ọ̀dọ́mọdé onígboyà kan kọ̀, ó bá ọba jà, odi wó, gbogbo ìlú bú sí ijó. Òǹkàwé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ láti ojú ìwé kejì, torí pé kò sí ohun tó ń pani níta odi yẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú ìlú tó ń rí oorun sùn nítorí odi náà. Òǹkọ̀wé ti dá ẹjọ́ kó tó pe ẹlẹ́rìí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí odi yín gba ẹ̀mí là ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣírò ohun tó ń gbà lójoojúmọ́: ọwọ́ ta ló ń gbà á, wákàtí wo ló ń gbà á, èló ló jẹ́. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò yẹn dáadáa, ìjà á ti inú rẹ̀ jáde, ẹ ò ní nílò ọba ìkà kankan.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrà àti odi tí à ń pè ní Eredo Sungbo gùn tó kìlómítà 160 yíká, àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó odi tó mítà 20. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ká, tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n kọ́kọ́ forí pamọ́ sí kí wọ́n tó mọ odi amọ̀ yí ìlú ká. Nígbà tí ọmọ ogun Dàhòmì dé ní 1851, tí wọ́n sì tún padà wá ní 1864, odi yẹn àti àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n kó ìlú náà lẹ́rú. Ẹni tí wọ́n bá ti kó mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lọ rí, bó bá rí odi, ara rẹ̀ á balẹ̀. Bí ìtàn yín ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú, tó sì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láìfi bò, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kù sí yín lọ́wọ́.

Ti Ìjàyè tún wà níbẹ̀, òun ni mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ irú ìtàn yìí mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sá tọ Kúrunmí lọ ní Ìjàyè, ẹni tó di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, torí pé ó lágbára láti dáàbò bò wọ́n. Ó dáàbò bò wọ́n lóòótọ́. Ó sì kó àṣẹ gbogbo sọ́wọ́ ara rẹ̀, ti ogun, ti ìdájọ́, ti òrìṣà. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Adélù tó jẹ́ Àrẹ̀mọ kò kú, Kúrunmí sì kọ̀ láti gbà á gẹ́gẹ́ bí Aláàfin. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun wọn dé. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì tú ní 1862. Ọwọ́ tó gbà wọ́n là, òun ló dì wọ́n mú, òun náà ló tún fa ogun wá sí ẹnu odi wọn. Àwọn ará Ìjàyè ò lè ya ọwọ́ náà sí méjì kí wọ́n mú èyí tó dára nínú rẹ̀. Irú ọba tó yẹ kí ẹ dá nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mọ odi. Ẹ jẹ́ ká dá ìlú àròsọ kan sílẹ̀, ká pè é ní Ìṣọ́lá. Èèyàn 8,000 ló ń gbé ibẹ̀, odi rẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́fà yíká. Yàrà tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, tó jìn ní mítà méjì àbọ̀, á mú iyẹ̀pẹ̀ tó 60,000 mítà oníhà mẹ́ta jáde. Bí ẹnì kan bá ń fi ọkọ́ gbẹ́ méjì lóòjọ́, èèyàn 500 á lo ọgọ́ta ọjọ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n sì lè ṣe é. Iṣẹ́ gbígbẹ́ yẹn kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ẹ má fi orí ìwé méjì ṣòfò lórí rẹ̀.

Ìṣọ́ ni ìṣòro. Lọ́sàn-án, ẹ̀ṣọ́ kan lè máa wo ọgọ́rùn-ún mítà. Lóru tí kò sí òṣùpá, ọgbọ̀n mítà ni ká fún un. Ẹ pín mítà 6,000 sí ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, ẹ̀ṣọ́ 200 ló gbọ́dọ̀ wà lórí odi lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó lè lajú láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí, nítorí náà ẹ pín òru sí méjì: 400 lóru kan. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣọ́ òru kan nínú mẹ́ta, kó lè rí ààyè roko, 1,200 èèyàn lẹ nílò. Nínú 8,000 yẹn, ọmọdé àti arúgbó á kó tó ìdajì. Nínú 4,000 tó kù, ọkùnrin á jẹ́ bíi 2,000. Ìyẹn ni pé nínú ọkùnrin márùn-ún tó lè gbé ọkọ́, mẹ́ta ni odi ti gbà.

Ẹ dúró wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. A ò tíì dá ọba, a ò tíì ṣe òfin kankan, òmìnira sì ti ń tán lọ. Ta ni yóò ṣọ́ nígbà ìkórè? Olówó á fẹ́ rán ìwọ̀fà rẹ̀ lọ dípò ọmọ rẹ̀. Tálákà á máa gbowó ṣọ́ òru ẹlòmíràn lé ti ara rẹ̀ títí oorun á fi gbé e lórí odi. Ẹ dárúkọ iye tó ń gbà, ẹ má kàn sọ pé owó kékeré: ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Bí òru kan bá jẹ́ okùn méjì, òǹkàwé á lè ṣírò òru mélòó tí bàbá kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ kó tó rí ẹgbàá kan san gbèsè. Òru márùndínlọ́gbọ̀n ni.

Ibí ni idán ti yẹ kó wọlé, lẹ́yìn tí agbára èèyàn bá ti pin. Òǹkọ̀wé tó bá fi idán ṣáájú kì í rí ìdí tí ìlú fi gbà láti san owó rẹ̀.

Fún Ìṣọ́lá, ẹ jẹ́ kí adáhunṣe kan mú ìmọ̀ràn wá. Àṣà ni pé kí wọ́n sin ìwọ́ ọmọ tuntun sínú ọgbà ilé bàbá rẹ̀. Adáhunṣe ní kí wọ́n máa kó gbogbo ìwọ́ lọ sin sábẹ́ odi. Láti ọjọ́ náà lọ, odi mọ ọmọ ìlú. Ohunkóhun mìíràn tó bá gun odi lóru, ìbáà jẹ́ jagunjagun, ìbáà jẹ́ iwin, odi á ké tí gbogbo ilé á fi gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ 400 lóru di ogójì; 1,200 di 120. Bàbá tó ti ń ṣọ́ òru padà sí orí ẹní rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rí ayọ̀ yẹn fún bí orí kan gbáko. Kó rí ìlú tó ń sùn.

Ẹ wá kọ òfin idán náà sílẹ̀ sórí ìwé kan, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́ títí ìtàn á fi parí. Ẹni tí ìwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ odi ò lè kọjá ibi tí ìró gbẹ̀du ààfin mọ. Bó bá kọjá, okun ara rẹ̀ á máa tán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ láìpadà gbọ́dọ̀ hú ìwọ́ rẹ̀ kúrò. Ibi tó ti hú u á di àlàfo ìgbọ̀nwọ́ méjì tí odi ò ní lè ké, àyàfi bí wọ́n bá sin ìwọ́ ọmọ tuntun síbẹ̀. Ẹni tó bá kú, ìwọ́ rẹ̀ náà kú.

Òfin tó kẹ́yìn yìí ló gbé ìtàn ró. Ká ní ìlú ń bí ọmọ 320 lọ́dún, tó sì ń sin òkú 280. Ogójì ló ṣẹ́ kù, ogójì náà ni iye ẹni tó lè fi ìlú sílẹ̀ lọ́dún yẹn láìdá àlàfo sílẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún bá fẹ́ lọ ńkọ́? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ́kọ́ lọ. Láìsí ìkà kankan, ìlú ti ní akọ̀wé, ó ti ní àkójọ orúkọ, ó ti ní ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ lóru. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná bá wá jà, tí òkú di 400, odi á là fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó jáde. Ọba á fi iye òkú pa mọ́ kí ìlú má bàa dàrú. Ṣé ó burú? Ọ̀tá tó gbọ́ iye yẹn á mọ̀ pé ọ̀nà ti ṣí. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà kò sì mọ̀, ó ń tẹ́ ọmọ rẹ̀ sùn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì tó jẹ́ olóòótọ́ jiyàn lórí èyí, kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wúwo.

Ẹ béèrè lẹ́yìn náà pé ta ni odi ò mọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ti ń fo kókó nìyí. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ láti ìlú mìíràn, ìwọ́ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ó ti bímọ mẹ́ta fún Ìṣọ́lá, ìwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ odi, síbẹ̀ lójú odi àlejò ni. Àrokò ni wọ́n máa fi dá a mọ̀: owó ẹyọ tí wọ́n sín sórí okùn, tí iye rẹ̀ àti bó ṣe kọjú síra tàbí kọ̀yìn síra ní ìtumọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè sín owó ẹyọ, nítorí náà ààfin gbọ́dọ̀ máa yí àmì rẹ̀ padà, ìyípadà yẹn náà ló sì máa ń já obìnrin yìí kulẹ̀ ní bodè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ìyàwó wa, káàárọ̀. Níbo lò ń gbé agbọ̀n lọ?"

"Ara ìyá mi ni ò yá. Mo fẹ́ lọ wò wọ́n, màá dé kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Àrokò rẹ dà?"

"Òun rèé, Bàbá."

"Ti oṣù tó kọjá nìyí, ọmọ mi. Òmíràn ti dé láti ààfin."

"Ẹ̀yin náà lẹ so ó mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ mí."

"Èmi mọ̀ ẹ́. Odi ò mọ̀ ẹ́."

Oníbodè yìí kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn obìnrin náà. Bó bá jẹ́ kó lọ, tí àrokò àtijọ́ yẹn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kó pariwo, ẹ má fún un ní pàṣán. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló máa dun òǹkàwé.

Bodè fúnra rẹ̀ tún ní ìṣirò tirẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń jẹ iṣu kìlógíráàmù kan ààbọ̀ lóòjọ́. Èèyàn 8,000 á jẹ 12,000 kìlógíráàmù. Bí ẹrù orí kan bá jẹ́ ọgbọ̀n, ẹrù 400 ló gbọ́dọ̀ wọlé lójúmọ́. Ìlú ní bodè mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ẹrù ní bodè kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún tú ẹrù kan wò, ìṣẹ́jú 500 ni, wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú. Bodè ń ṣí fún wákàtí méjìlá. Ó ṣeé ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn.

Ìròyìn ogun wá dé, ọba ti bodè mẹ́ta pa. Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni. Ẹrù 400 wá dojú kọ bodè kan: ìṣẹ́jú 2,000, wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ó lé, nínú ọjọ́ tó ní wákàtí méjìlá. Ohun mẹ́ta péré ló lè tẹ̀ lé e. Wọ́n lè dín àyẹ̀wò kù títí kò fi ní tó ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n máa wo orí agbọ̀n láìwo ìsàlẹ̀. Ọ̀tá á gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n lè máa gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó bá lówó kó lè kọjá síwájú. Ìwà ìbàjẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n sì lè tú gbogbo ẹrù bó ti yẹ, kí ìyókù sùn síta títí iṣu á fi máa rà. Ebi á gba ibẹ̀ wọlé. Òfin tó mú kí bodè le sí i ló mú kí bodè rọ̀. Ẹ kọ gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó tún máa ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ ni oògùn. Ọdẹ inú ìtàn wa máa ń ní egbé tó ń gbé e kúrò nínú ewu, ó ń ní kánákò tó ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, ó ń ní àfẹ́ẹ̀rí tí ojú ò fi ní rí i. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún akọni yín, odi yín ti wó lójú ewé kìíní. Kí ni odi fẹ́ ṣe fún ẹni tí egbé gbé? Mímú ọ̀kan péré ló dára jù, kí ẹ sì fún un ní ààlà tó bá òfin odi mu. Ní Ìṣọ́lá, màá gba àfẹ́ẹ̀rí láyè: ojú ẹ̀ṣọ́ ò ní rí ẹni náà, odi tó mọ ìwọ́ á ṣì mọ̀ ọ́n. Egbé, màá jẹ́ kó máa gbé èèyàn padà síbi tí ìwọ́ rẹ̀ wà nìkan. Ẹni tó bá lò ó láti sá kúrò nílùú, ìdí odi náà ló ti máa bá ara rẹ̀. Kánákò, mi ò ní fi sí i rárá, torí ó máa sọ ìró gbẹ̀du di ohun tí kò ní ààlà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìsédé kún un, ẹ ṣe é tọkàntọkàn. Gbogbo wa mọ̀ pé nígbà orò, obìnrin kì í jáde. Nínú ìtàn, ìkéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde lóru ò ní wúwo títí ẹ ó fi fi ẹni tí kò lè ṣàìjáde sínú òru náà. Obìnrin kan ń rọbí. Agbẹ̀bí ń gbé òdìkejì ìlú. Ọmọ tí wọ́n sì fẹ́ bí yìí, ìwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń retí láti fi dí àlàfo. Òfin tó ní kí wọ́n jókòó sílé nítorí àlàfo náà ló ń dènà ohun tó máa dí i.

Nípa ẹni tó ń ṣe àkóso, ẹ má dá ọba tí kò sẹ́ni tó lè mú un. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè tó ń yan ọba, bá kọ Aláàfin, wọ́n lè fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ó sì mọ̀ pé ikú ni wọ́n sọ. Àwọn Ògbóni sì wà tí wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì náà. Ìṣètò yìí lágbára, síbẹ̀ Gáà, Baṣọ̀run tó jẹ́ olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, fi ọdún bí ogún yí i padà di ohun ìjà tirẹ̀. Ó ń fi ọba jẹ, ó ń pa ọba, títí Abíọ́dún fi bì í ṣubú ní 1774. A ṣì ń pa á lówe títí dòní: bí o láyà, kí o ṣe ìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òótọ́. Fún òǹkọ̀wé, ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni pé àṣẹ tí wọ́n fi lé Gáà lọ́wọ́ láti dá ọba dúró ló lò. Kò jí agbára kankan. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń dá ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ odi, ẹ kọ ẹni tó lè dá wọn dúró sílẹ̀, ẹ wá béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni yẹn bá gbádùn iṣẹ́ náà jù. Ní Ìṣọ́lá, ẹni tó ń kọ iye ọmọ àti iye òkú ni mo máa ṣọ́ jù lọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ìparí ló máa ń le jù. Wíwó odi lulẹ̀ rọrùn láti kọ, òun sì ni mo máa ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ yẹra fún, àyàfi bí ẹ bá ṣe tán láti kọ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ 400 gbọ́dọ̀ padà sórí ìṣọ́ lóru, oko sì ń dúró de wọn. Bí ẹ bá fi odi sílẹ̀ lódidi, ẹ jẹ́ kí nǹkan kan yí padà nínú òfin rẹ̀ tí ẹ lè ka iye rẹ̀: kí àwọn ìyàwó náà gba ẹ̀tọ́ láti hú ìwọ́ wọn wá láti ìlú baba wọn, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tí ìlú ọ̀hún máa sọ sí àlàfo tiwọn. Bí akọni yín bá sì lọ, kó jẹ́ pé ó mọ orúkọ ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ méjì tó fi sílẹ̀, kó ti bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ kó tó hú ìwọ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún sì ti dá a lóhùn. Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó kọ orí kìíní.